Bọ́ọ̀lù méjì ni Rísíkà ń rí

Oṣù méjì gbáko ni mo ti ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ lásán, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lórí pápá ilé ìwé kan l'Ájégúnlẹ̀ níbí. Rísíkà, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń dà mí láàmú jù. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, afẹ́fẹ́ ló máa ń fi igi gbá.

Mo tún ìdúró ẹ̀ ṣe. Mo ní kó tẹ orúnkún, kó yí ìbàdí, kó má jẹ́ kí ìgúnpá ẹ̀ já wálẹ̀. Pàbó! Tó bá ti tàsé, mo máa ní kó sáré yí pápá ká.

Lónìí, ó tàsé lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra. Mo jágbe mọ́ ọn: "Rísíkà, wo bọ́ọ̀lù! Abi you no dey see am?"

Ó rọra sọ igi kalẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ má bínú. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbá?"

"Méjèèjì wo?"

"Bọ́ọ̀lù méjèèjì tó ń bọ̀. Ṣé ẹ̀yin kì í rí méjì ni?"



Mo mú un lọ bá ìyá ẹ̀, a sì jọ fẹnu kò pé a máa gbé e lọ sọ́sibítù lọ́la kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Rísíkà sáré tẹ̀ lé mi: "Kóòṣì, ṣé ẹ máa wá yọ mí kúrò nínú tíìmù ni?"

Mo ní rárá, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, báwo lẹ ṣe máa ń bẹ ọmọdé tí ẹ bá ti ṣẹ̀ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.