Irun Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Okokomaiko, tí òórùn irun atáṣímẹ́ńtì tí wọ́n fi láítà jó ṣóńṣó rẹ̀ bá ta sí mi nímú, inú á bí mi gan-an.

Ọ̀sán Sunday kan ni. Pásítọ̀ wa ní Ìbà ń kọ́ àwa ọmọdé nípa ìsọdimímọ́. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá yà sí mímọ́ kì í gbé irun tí Ọlọ́run ò fún un sórí. Ó wá bi wá pé, "Ta ni kò tíì di mímọ́ nílé yín?"

Èmi ni mo nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Irun náà wà lábẹ́ síkáàfù rẹ̀."

Wọ́n fà á jáde láàárín ìjọ wá síwájú. Màmá díákónì mú àlùmọ́gàjí.

"Jésíbẹ́lì kékeré! Irun ta lo gbé sórí?"

"Mo rà á ni, mà. Mi ò jí i."

Wọ́n gé e mọ́ irun tirẹ̀ gan-an, àwọn àgbà ń ké halelúyà! Wọ́n dáná sun irun náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ fún mi ní bisikíìtì, mo sì jẹ ẹ́. Ṣé àlùmọ́gàjí ló wá ń sọ èèyàn di mímọ́ ni?

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti báàfù omi, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì mi bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ni ìwà mímọ́ hàn lára rẹ̀. Mo dúró kó gbá mi létí.

Ó kàn ní, "Lọ mú ọṣẹ wá. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ti dọ̀tí."