Ọkọ̀ Mọ́ṣáláṣí Tó Dákẹ́ Jẹ́ẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Uthman na gbalaja sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ní South Side, lókè òkun níbí. Pẹ̀lú agbádá funfun. Nínú omi yìnyín.

"Tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá," ló sọ fún Hakeem tó ń wakọ̀. "Kí ẹnì kan kú sàn ju kí méjìlá kú."

Àgbà mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ sí yídì. Ìyá Hakeem wà níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ọkọ̀ yìí máa ń ké tó bá fẹ́ dúró. Lónìí kò ké. Kí lo ṣe fún un?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Irọ́ lò ń pa."

Ọgbọ̀n ọdún ni Uthman fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dán bíréèkì wò. Kò jẹ́ ká sinmi. Àga lásán ké nílé ẹ̀, ó di wàásù: ohun méjì gbá ara wọn mú, wọ́n yọ̀, wọ́n tún gbá ara wọn mú, ẹgbẹ̀rún ìgbà kí o tó ṣẹ́jú. Gbígbọ̀n yẹn ni igbe tí o gbọ́. Ràhámọ̀tù ìyàwó ẹ̀ gbọ́ wàásù yìí títí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún gbogbo àga ilé.

Marvin, mẹkáníìkì òdìkejì títì, ló wá tú táyà. Ó fìka kan bíréèkì, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Kí lèyí? Ìpara?"

Hakeem wolẹ̀. "Òrí ni. Ariwo yẹn ń dójú tì wá ní gbogbo Jímọ̀."

Ìyá ẹ̀ yọrí lójú wíńdò. "Òrí tí mo gbé wá láti Ìsẹ́yìn fún awọ ara ẹ tó ń bó?"

Uthman ò tíì dìde. "Tó bá ń ké, ó ṣì ń di nǹkan mú. Ìwọ wá fi òrí pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá ẹ ló jókòó síwájú, ọ̀dẹ̀."

Ọ̀dẹ̀. Lójú gbogbo jàmáà. Ọdún méjì gbáko ni Hakeem ò fi kí i. Tí Uthman bá wọlé, Hakeem á jáde. Uthman náà ò bẹ̀ ẹ́.

"Kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ni? Pé ìyá ẹ̀ ò kú?"

Ìyá Hakeem wá dá kún un. Láti ọjọ́ náà, Uthman ló ń fi òrí ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ọmọ ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Uthman kú, Hakeem lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ràhámọ̀tù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ wọ́n."

"Wọn ò tíì bẹ̀ ẹ́ o."

"Mo mọ̀, mà."

Apá ọ̀tún òkú ti gan. Kò ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Hakeem wí. "Ẹ gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Apá ò gbà. Hakeem ò fi agbára mú un. Ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí oríkèé náà, ó ń rọra fọwọ́ ra á. Ó dúró. Ó dì í mú títí ó fi rọ̀.