Ẹ̀rọ Ara Àpò Ìwé Mi

Títí di òní, bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá tú èéfín sí mi lójú, ọ̀fun mi ló kọ́kọ́ máa ń rántí.

Bàbá mi, olùkọ́ ní yunifásítì Zaria, so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àpò ìwé mi. Ẹ̀rọ náà ń wọn èéfín tí ọmọdé ń fà símú lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ó ní kí n máa wọ kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti dàgbà nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, a tọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan gba àdúgbò Dakace. Oníkẹ̀kẹ́ fi láwàní bo imú tirẹ̀. Ojú ń ta mí, itọ́ mi ń korò. Ni ọkọ̀ bàbá mi bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Àbúrò mi ń juwọ́ sí mi láti inú rẹ̀, ẹ̀rọ bíi tèmi lọ́rùn rẹ̀.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ọmọ tí yóò fa èéfín àti ọmọ tí kò ní fà á ni bàbá mi ń wá láti fi wéra, ó sì ti pín wa.

Mo ń wúkọ́ wọlé. Bàbá mi sáré pàdé mi.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí, Dádì."

"Ẹ̀rọ ni mò ń béèrè."