Fáàrí Létí Ọ̀sà Bàrígà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bàrígà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí pé tíṣà kì í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun láìsí pàṣán lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan, tiwa kọ "flaunt" sójú pátákó. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe ni, pé kí ènìyàn máa fi ohun tí ó ní ṣe fáàrí lójú ẹni tí kò ní. Ó ní kí olúkúlùkù wa fi í sínú gbólóhùn wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá ṣe é yóò jẹ ẹgba.

Gbólóhùn náà ni mo ń rò nígbà tí ìyá mi rán mi lọ ra ẹja létí ọ̀sà. Òórùn ẹja yíyan gba ibẹ̀ kan, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo ọjà. Ìjì ti jà lánàá, ọkọ̀ Bàbá Oyin, apẹja Ìlàjẹ tí a jọ ń gbélé, kò sì tíì dé. Ìyá Oyin, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí iyanrìn, ó tẹjú mọ́ omi. Ìṣe wọn níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ kan kò bá tíì dé, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹja sókè. Ẹní ni wọ́n fi ń bò ó.

Ni ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan, Dípò, bá gúnlẹ̀. Ó gbé ẹja kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi lé èjìká, ó ń yan, ó ń ki ara rẹ̀, ó sì gba iwájú Ìyá Oyin kọjá. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Dípò ló jágbe mọ́ ọn: "Gbé e sílẹ̀! Ẹja lo pa, ìwọ kọ́ lo dá ọ̀sà! Bí ó bá ṣe ìwọ là ń wá ńkọ́?" Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ẹja náà. Dípò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ Ìyá Oyin. Ìyá Oyin kò wò ó. Ó di ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé ọkọ rẹ̀ dé láàyè, kí ó tó wí pé, "Dípò, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, n kò wá gbólóhùn jìnnà.

Ìgbà yẹn nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ṣómólú níbí, aládùúgbò wa kan papò dà, a sì jókòó yí opó rẹ̀ ká níwájú ilé. Ọmọbìnrin kan láti ilé kejì wá dúró sáàárín wa, ó gbé báàgì tuntun sókè, ó ń yíra sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè ká a sínú fídíò. Ìyanu ni ó jẹ́ fún mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, ilé ọ̀fọ̀ nìyí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń parí. Ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa jù."

Mo yíjú, mo ń wá ìyá rẹ̀ kí n lè fẹjọ́ sùn. Ìyá náà ni ó di fóònù mú.