Okùn Bàbá Mi àti Apá Kẹta

Ìyá mi ta ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní kó lè ra wáyà. Gaàrí ló ń ṣe nílé wa ní Kèrè, orí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ló sì ti ń rin ẹ̀gẹ́. Lọ́dún yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìka rẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ á kán sínú ẹ̀gẹ́, á da gbogbo rẹ̀ nù, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fún un ní ẹ̀rọ tó ń fi kúráǹ, iná mànàmáná, rin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n òpó kúráǹ wà ní òdìkejì àpáta kan. Òkè àpáta náà ni wáyà yóò gbà kọjá lójú òfuurufú.

Báwo ni wáyà náà yóò ṣe gùn tó? Oníkúráǹ fi ojú wọ̀n ọ́n, àfi bí ẹni pé tépù ni ojú rẹ̀, ó ní mítà márùndínlógójì. Bàbá mi ní ó tó àádọ́ta, owó ewúrẹ́ kò sì lè ra àádọ́ta. Okùn kò ṣeé nà lórí àpáta tó rí gbágungbàgun. Ẹni tó ń ta wáyà lọ́jà Dásà kì í gba èyí tó bá ti gé padà, oníkúráǹ sì ti ní òun kò ní so wáyà pọ̀ lókè nítorí òjò. Bó bá kúrú, ewúrẹ́ lọ, wáyà lọ.

Kọlẹ́ẹ̀jì ni mo wà nígbà náà, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀. Mo fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí àpáta ká: láti ìdí òpó dé ìdí igi máńgòrò kan jẹ́ mítà mẹ́rìnlélógún. Ó yà níbẹ̀, ó sì gba mítà méjìlélọ́gbọ̀n dé ilé. Onígun mẹ́ta ni, wáyà ni apá kẹta. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo fi mẹ́rìnlélógún sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́rìnlélógún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjìlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélógún. Ohun tó dín lára ọ̀kan ló lé lára èkejì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ẹgbẹ̀jọ gééré, ìyẹn ogójì lọ́nà ogójì, ogójì náà sì ni apá kẹta. Orí mi wú. Mo ní mítà ogójì ni.

Bàbá mi ní ìwé kò ní ẹsẹ̀ tó fi gun àpáta. Ó wá bi mí bóyá igun ìdí máńgòrò dúró ṣánṣán. Ojú tì mí, nítorí n kò yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá sì dúró, òfo ni ìṣirò mi.

Mọlémọlé ni bàbá mi, kò mọ̀wé. Ó mú okùn iṣẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tó ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, àlàfo méjìlá. Tó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, á na mẹ́ta sí apá kan, mẹ́rin sí èkejì, márùn-ún tó kù á sì so orí wọn pọ̀. Igun ilé kò ní wọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó nà án nídìí máńgòrò. Igun náà dúró.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn náà wọn ọ̀nà. Mẹ́ta wọ apá kan lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mẹ́rin wọ apá kejì lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó dúró, ó ń wo àpáta.

“Á jẹ́ pé márùn-ún náà yóò wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ,” ó ní. “Ogójì ni, ọmọ mi.”

Bàbá mi jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, ó ní ọjọ́ tí òun ti ń gbé okùn yìí kiri ti pẹ́, òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀, àwa méjèèjì, ẹ̀rù tó dùn.

Wọ́n ra mítà méjìlélógójì, nítorí wáyà máa ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láàárín. Gbogbo owó ewúrẹ́ ló bá a lọ. Nígbà tí oníkúráǹ ń fà á kọjá, ìyá mi kọjú sí ògiri, kò lè wò ó. Wáyà náà dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ń rin ẹ̀gẹ́. Ìyá mi jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó fi wọ́n ṣe. N kò rí i kí ọwọ́ yẹn sinmi rí.