Bàbá Tó Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò Tí Mò Ń Ná

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mu nǹkan lọ́jọ́ náà. N kì í mutí, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín, èyí tó máa bu iyì kún mi ni ǹ bá pa. Ta ló ń pa irọ́ tó máa dójú ti òun fúnra rẹ̀?

Télọ̀ ni mí ní Ajah, láyé ìgbà tí títì Ẹ̀pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí èèyàn lè dúró létí ọ̀nà títí oòrùn á fi yan án gbẹ kí ọkọ̀ kan tó kọjá. Ìyàwó mi lóyún nígbà náà. Èyí tó ní ṣáájú rẹ̀, ibi tí a ti ń wá ọkọ̀ ló ti rọbí, létí títì, nínú òjò. Ọmọ náà kò dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé kí òmíràn tó dé, n óò ní mọ́tò tèmi, bó ti wù kó gbó tó.

Ẹ gbà mí gbọ́, mọ́tò tí mo wò kò kéré. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Èyí tí agbára mi ká, ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ èèyàn lè kan títì láti inú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún mi pé ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, Lásísì, fẹ́ ta mọ́tò bàbá rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀. Mọ́tò náà wà lábẹ́ igi àgbọn, aláwọ̀ búlúù, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, aboyún lè nà gbalaja síbẹ̀. Ọkàn mi fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo fajú ro.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń nájà lọ́dọ̀ wa. Èèyàn kì í yin ohun tó bá fẹ́ rà. Àbùkù rẹ̀ lèèyàn ń wá, bí kò bá sì sí, èèyàn á dá a sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Èmi ni wọ́n ń wá pè ládùúgbò bí wọ́n bá fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì tàbí kẹ̀kẹ́, kí n wá fi ẹnu bá wọn fa owó wálẹ̀. Mo máa ń fi yangàn.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn mọ́tò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, pẹ̀lú fìlà funfun lórí. Mo rò pé àgbà ẹbí ni, pé wọ́n ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí ọjà. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Bàbá náà mirí sí mi. Lásísì kò tilẹ̀ wo ibi tí wọ́n wà. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo pòṣé. Mo yí gíà, ó dún. Mo ní, "Háà! Ọ̀gá Lásísì, ta ló ń wa mọ́tò yìí? Ṣé ó fi ń roko ni?"

Lásísì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Bàbá wa ò mọ mọ́tò wà lóòótọ́."

Bàbá tó wà lẹ́yìn sorí kọ́. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìjókòó ti ya níbì kan, ẹnì kan sì ti fi okùn àwọ̀n apẹja rán an pọ̀, játijàti. Ẹ má gbàgbé pé télọ̀ ni mí. Mo pariwo pé, "Ẹni tó rán èyí, ṣé ojú ẹ̀ ń ríran ṣá? Ta ló ní làákàyè tó máa gbé ọmọ ẹ̀ jókòó sórí irú nǹkan báyìí?"

Bàbá gbé ọwọ́ wọn. Wọ́n rọra tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí wọ́n rán náà, wọ́n bò ó. Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀ bojú. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ìwọ̀n tí mo lè ṣe ni mo ṣe, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo rò pé arúgbó tó ń rántí nǹkan tirẹ̀ ni. Mo yíjú sí Lásísì, mo dárúkọ iye tó yẹ kó ti mí lójú láti dá, ó sì gbà kíá.

Mo ní, "Ó yá, ẹ bá mi ran Bàbá lọ́wọ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí n máa gbé mọ́tò mi lọ."

"Bàbá wo?"

Mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn apá ọ̀hún tì, gíláàsì rẹ̀ wà lókè, èmi ni mo sì dúró dí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ibo ni wọ́n gbà jáde?

Ibẹ̀ la wà tí ohùn obìnrin kan fi ti ojú fèrèsé ilé jáde. Ìyá Lásísì ni. Opó ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, wọn kò lè bọ́ síta.

"Ẹ má bínú sí ìjókòó yẹn, oníbàárà wa. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara wọn rán an, wọn ò rówó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń tì wọ́n lójú. Bí àlejò bá ti wọ mọ́tò, wọ́n á fọwọ́ bo ibẹ̀."

Obìnrin náà ti gbọ́ gbogbo èébú mi látinú ilé. Ọkọ wọn sì gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo fèrèsé náà.

Ó yẹ kí n fi mọ́tò yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún ti wọ oṣù rẹ̀, n kò sì rí òmíràn tí agbára mi ká. Mo gbé e lọ. N kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi. Kí ni n óò sọ? Pé mo bú òkú lójú ara rẹ̀?

Ọ̀sán Jímọ̀ ni ìrọbí mú un. Mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún yí i, kò dún. Àwọn ọkùnrin tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ bá mi tì í, kò mira, bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ń kérora. Mo rántí etí títì, mo rántí òjò yẹn, mo sì mọ ẹni tí n óò bẹ̀.

Mo ṣí fìlà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹnu ọjà ni. Ẹ̀yin lẹ mọ mọ́tò wà, ẹ̀yin lẹ mọ ìjókòó rán. Ẹ má torí tèmi fìyà jẹ obìnrin yìí."

Àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀. Ìmáàmù wà níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Orí télọ̀ ti dàrú." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. N kò dìde.

Ìyàwó mi ló yọ ojú síta. Ó rọra ní, "Bàbá yìí ní kẹ́ ẹ dìde. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wa mọ́tò."

Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kan kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò fi sítáàtì.

Ọmọ náà wáyé láàyè. Obìnrin ni, ó ti wà nílé ọkọ báyìí. Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ yá, mo bi í pé báwo lojú bàbá yẹn ṣe rí. Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín? Ṣé wọ́n ti forí jì mí?

Ó ní, "N ò rí ojú wọn. Wọ́n fa fìlà bò ó. Ọwọ́ wọn ni mo rí, wọ́n tẹ́ ẹ lé ìjókòó. Wọn ò gbé e kúrò títí a fi dé ọsibítù."

Mo lè rán ìjókòó yẹn kó dà bí tuntun. Mo ti mú abẹ́rẹ́ débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò lè kì í bọ̀ ọ́, torí n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ èèyàn ni n óò gún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ẹ ná an o, n kò ní kẹ́ ẹ má ná an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Bẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà níbẹ̀, ẹ kí wọn. Bẹ́ ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ ṣì kí wọn.