Mo Gbé Alùpùpù Lọ sí Ìsọlọ̀ Kí Wọ́n Lè Gé Sàlẹ́ńsà Rẹ̀

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ni mo gun alùpùpù mi kúrò ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ ni mí. Ilé-ìwé mi wà lẹ́yìn òkè ńlá kan, alùpùpù ọ̀hún kò sì lágbára láti gun òkè náà mọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ pé bí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò gba kíláàsì mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ bá Ìyá Tóbi, obìnrin mekáníìkì kan ní Ìsọlọ̀, kí ó gé inú sàlẹ́ńsà dànù. Wọ́n ní agbára alùpùpù náà yóò padà.

Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin títí mo fi kọjá Ìfọ̀. Nígbà tí mo dé Ìsọlọ̀, àwọn tírélà tí ń wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ ti gba gbogbo títì. Mo dúró jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ata rẹ̀ ta ju ti ilé lọ.

Lọ́dọ̀ wa, mekáníìkì á kọ́kọ́ béèrè ilé àti ọmọ. Ní ti Ìyá Tóbi, ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Mo sọ fún un pé olùkọ́ ni mí, àti pé inú sàlẹ́ńsà ni mo fẹ́ kó gé.

"Mi ò ní gé e, tíṣà," ó ní. "Ohun tí ń sẹ́ èéfín olóró ló wà nínú ẹ̀. Òfin ò gbà kéèyàn yọ ọ́."

"Ṣebí wọ́n ní ẹ máa ń gé e?"

"Mo gé e fún oníbàárà kan rí. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró ní Òṣòdì, wọ́n gba máṣíìnì ẹ̀. Òun ló fi ń wá oúnjẹ ọmọ. Mi ò gbàgbé ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Mekáníìkì tó wà ní òdìkejì títì ń juwọ́ sí mi, ayùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí kíláàsì mi, mo sì di alùpùpù mú kí n máa tì í lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Ìyá Tóbi wí.

Ó tú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Ìtẹ́ eku ló bọ́ sílẹ̀, bébà tí wọ́n ti fi eyín gé wẹ́wẹ́. Mo rí yíǹkì pupa mi lára rẹ̀: ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi tó sọnù, tí mo torí ẹ̀ bá gbogbo ilé jà ni. Ìyá Tóbi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó fọ ibẹ̀, ó fi fílítà tuntun sí i, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì dún kíkan, èéfín kankan ò hàn.

Nígbà tí mo padà dé, n kò yà sílé. Òkè yẹn ni mo kọjú sí. Alùpùpù gùn ún láìdúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, ayọ̀ sì mú kí n tún gùn ún.

"Ṣé wọ́n ti gé e?" ìyàwó mi béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní wọn ò gé nǹkan kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ eku náà fún òun àti àwọn ọmọ, mo sì bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń béèrè ohun tó ń ṣe nǹkan kí n tó sọ ohun tí wọ́n máa gé kúrò.